Etí Òsì Elétí-Ehoro

Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà nídìí iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀, torí pé láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, okùn gìtá kan ò lè ṣì dún kó má gbọ́ ọ. Orúkọ ńlá! Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún méjì tí etí òsì rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Kò sọ fún dókítà, kò sọ fún ìyàwó. Ṣé ẹni tó ń fi etí jẹun á wá máa pariwo pé etí ti lọ ni?

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wá ṣe àwo tuntun lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tí orin wọn le débi pé gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń ta gìtá: ti ẹ̀gbọ́n ń jáde ní sípíkà òsì, ti àbúrò ní ti ọ̀tún. Obìnrin kan tó ń wa tírélà ló ń lùlù fún wọn. Nígbà tí wọ́n gba orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán, Elétí-Ehoro jókòó, ó ń to ohùn pọ̀. Bí gìtá òsì bá ti ṣe é bíi pé ó lọ sílẹ̀, á tún gbé e sókè díẹ̀, títí méjèèjì fi dọ́gba létí rẹ̀. Létí tirẹ̀ nìkan ni o.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbọ́ ọ, wọn ò tíì gbọ́ dé orin kẹta tí àbúrò fi dìde. Ó ní ṣé gìtá òun ló ń dún bí ẹ̀fọn nínú ìgò yẹn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti yọ́ lọ bá Baba Elétí-Ehoro lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n búra títí, àbúrò ò gbà. Ìjà ọmọdé wọn ṣẹ́ yọ. Àbúrò ká wáyà gìtá rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ohùn òun rẹ́ nínú àwo náà, òun ò bá wọn ṣe mọ́.

Bí Elétí-Ehoro bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, àmọ́ ọmọ ìyá méjì á túká. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ló tún máa gbé orin wá fún un? Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ nǹkan kan. Etí òsì mi ni ò gbọ́ràn mọ́."

 Obìnrin onílù ló bi í bóyá ti ọ̀tún ṣì dáa. Ó ní ó dáa. Ni obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ wáyà sípíkà méjèèjì, ó ní kí Baba máa gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí etí tó dáa lè gbọ́ ti òsì àti ti ọ̀tún. Bí gìtá ẹ̀gbọ́n ṣe bú mọ́ Baba létí báyìí, òun fúnra rẹ̀ fò sókè. Àbúrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tún gbogbo rẹ̀ tò, àbúrò ló sì ń pààrọ̀ wáyà. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Baba dúpẹ́ títí wọ́n fi ní ó tó.

Nígbà tó délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyàwó, tó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà, ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó ní. "Kí lẹ rò pé ó mú mi pààrọ̀ ibi tí mò ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dún méjì sẹ́yìn? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbọ́ mi ni."

Ó fẹ́ dúpẹ́, àmọ́ ẹkún ló gbà á lẹ́nu.