Ọmọ Tó Ń Sáré Bọ̀ Nígbà Tí Mọ́tò Mi Bá Dún

Èmi ni mo kọ́ ọ ní eré náà. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń tù mí nínú pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé ọmọdé kì í dúró sójú kan. Òótọ́ ni, ọmọdé kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ṣàdédé sáré sídìí mọ́tò mi. Mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ pé kó máa sáré bọ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Parakú, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kọ̀léèjì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu, ó máa ń wá wò mí lóṣooṣù. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, oníkálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Yàrá mẹ́ta ni mo háyà ní àdúgbò Banikánni, nínú àgbàlá Alájà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ ti wà ní Parakú. Yorùbá ẹnu wọn ti gba ọ̀rọ̀ Dẹ́ńdì àti ti Bàrìbá mọ́ra débi pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni Alájà máa ń sọ ohun kan náà fún mi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Bàbá ọmọ náà wà lẹ́nu òwò ní Málánfíìlì, létí odò Ọya lọ́hùn-ún.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó kọ́ mọ́tò wíwà. Mọ́tò tí mo rà ga lẹ́yìn, dígí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì fẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí ọkọ̀ náà kò lè rí ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi ìdí mọ́tò fọ́ ìkòkò omi Alájà mọ́lẹ̀. Ìkòkò náà ga tó ìbàdí mi, n kò sì rí i. Ẹ̀rín ni a fi í rín.

Báyìí ni eré wa ṣe máa ń lọ. Bí mo bá ti iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo wọ pọ́táì, ìyẹn ilẹ̀kùn ńlá onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dúró díẹ̀. Ọmọ náà á sáré wá, màá gbé e lé itan, àwa méjèèjì á sì rọra wa mọ́tò dé abẹ́ igi dóńgóyárò níbi tí mo ń gbé e sí. Òun ni yóò di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. Yóò máa pariwo, "Tàtá! Fúú! Fúú!" Tàtá ni ó ń pè mí, bí àwọn ọmọdé ìlú wa ṣe ń pe àwọn àǹtí wọn. Inú ìyá rẹ̀ ń dùn sí i, nítorí ó ń rí ààyè dá iná oúnjẹ. Nígbà tó yá, kò dúró de kí n pè é mọ́. Ibi yòówù kó wà, bí mọ́tò mi bá ti dún, yóò sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù, ó di eré. A ní awakọ̀ ni yóò dà.

Alájà nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màdáàmù, ṣé ọmọ yìí mọ ìyàtọ̀ láàárín mọ́tò tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde?"

Mo ní, "Ẹ má dààmú, Màmá. Mo máa ń wo ẹ̀yìn."

Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ìdánwò la wà nínú rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ mi sì ni ìwé ìbéèrè wà, n kò gbọdọ̀ pẹ́. Eruku pupa ti bo gbogbo dígí mọ́tò. Mo nu ti iwájú. Mo wo ti ẹ̀yìn, mo ní màá nù ún tí mo bá dé ibi iṣẹ́. Mo rí ọmọ náà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń mu ẹ̀kọ, tí ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sídìí iná. Mo rí i dájú. Alájà ló bá mi ṣí pọ́táì láàárọ̀ yẹn. Mo wọnú mọ́tò, mo ju àpò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣíná ọkọ̀. Ìgbà tí mo rí i lórí ẹní àti ìgbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn kò ju àsìkò tí ènìyàn fi ń wọ bàtà lọ.

Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn Alájà. Kò ní kí n dúró. Kò pe orúkọ mi. "Ọmọ! Ọmọ! Ọmọ!" ni ó ń ké.

Mo tẹ ìjánu mọ́tò mọ́lẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹkún bẹ́. Mo ṣì ń dúpẹ́ ẹkún yẹn títí di òní, nítorí n kò mọ ohun tí ǹ bá fi ara mi ṣe ká ní ìdákẹ́rọ́rọ́ náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ẹ̀kọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Táyà ti gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ti mọ́tò. Alájà dì mí mú léjìká, ó ní, "Wọlé! Sún un síwájú! Ìwọ lo lè sún un!"

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, pípadà sínú mọ́tò yẹn ló ṣì ń jí mi dìde lórí àga nígbà tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá ọmọ ti kúnlẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ mú. Mo wo ọ̀pá jíà, ó dà bí ẹni pé n kò rí i rí. Bí mo bá ṣì í mú ńkọ́? Bí mọ́tò bá tún yí sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lọ síwájú ńkọ́? Mo ka ipò jíà jáde lẹ́nu bí ọmọ ilé ìwé. Mo sún un síwájú. Ìyá ọmọ fa ọmọ rẹ̀ yọ, kò wo ẹ̀yìn, ó gbà á mọ́ àyà, ó di ojú títì. Sẹmijan kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, mo gun sẹmijan mìíràn tẹ̀ lé wọn.

Eegun méjì ló kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní, "Bó bá jẹ́ pé mọ́tò náà tún yí díẹ̀ sí i ni..." Ó kọjú sí ẹsẹ̀ tó fẹ́ dì.

N kò lè jókòó. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró tó wà níwájú yàrá náà. Mo dúró níwájú ìyá ọmọ, mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa sáré bọ̀."

Ó ní, "Tàtá, ẹ jókòó. Ẹ̀ ń kó ìpayà bá mi." Nígbà tí mo jókòó, ó ní, "Mo gbọ́ nígbà tí mọ́tò dún. Mo mọ̀ pé yóò dìde. Mo ní Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn á mú un."

Lọ́sàn-án, Alájà dé. Èyí tó ti ẹnu tirẹ̀ jáde ni pé, "Mo rí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀." Èmi ńkọ́? Mo rí i lórí ẹní, mo ní orí ẹní ló wà. Àgbà mẹ́ta ló wà nínú àgbàlá kan ṣoṣo, olúkúlùkù ní ẹlòmíràn ló mú ọmọ, kò sì sẹ́ni tó mú un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nínú pílátà, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun. Èmi ni ara mi kò wá balẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo ń fi lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tí mo gbọ́ tí mọ́tò ń fi ẹ̀yìn rìn lóde, ẹfun á dúró lójú pátákó, màá lọ yọjú lójú fèrèsé. Mọ́tò tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, màá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi pè mí láti Kútọnu, ó ní, "Ó ti tó báyìí. Ọmọ wà láàyè."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé ó wà láàyè."

"Kí ló wá kù?"

Ohun tó kù ni pé ọmọ náà kò bẹ̀rù. Bó ti wà lórí ẹní pẹ̀lú ẹsẹ̀ funfun gbàgìdì, bí mọ́tò kan bá kọjá lójú títì, ńṣe ló ń na ọwọ́ méjèèjì, tó ń pe "Fúú!" Eegun kán, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò kán.

Ìyẹn ló mú kí n lọ bá Alájà. Mo ní kó jẹ́ kí n mọ odi onírin kan sáàárín ibi tí mọ́tò ń gbà àti ibi tí a ń gbé. Ó gbà. Ẹni tó ń jó irin wá wọn ilẹ̀, ó ṣe odi tó ga dé àyà mi, ó fi ìkọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ṣùgbọ́n Alájà ní irin nìkan kò tó, ilẹ̀kùn tí ènìyàn gbàgbé láti tì kò yàtọ̀ sí àìsí ilẹ̀kùn. Òun ló dá òfin sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò yóò kọ́kọ́ yí i ká. Lẹ́yìn náà yóò béèrè pé, "Ta ló mú un?" Ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni yóò dáhùn pé, "Ó wà lọ́wọ́ mi." Bí kò bá sí ohùn, mọ́tò kò gbọdọ̀ dún.

Lọ́jọ́ tí mo tún kọ́kọ́ wa mọ́tò jáde, mo yí i ká, mo béèrè, ìyá ọmọ dáhùn. Mo wọnú mọ́tò. Mo tún sọ̀kalẹ̀ lọ wò. Mo wọlé, mo tún sọ̀kalẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Alájà ní, "Màdáàmù, bí o bá tún sọ̀kalẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ á ti jáde ilé ìwé kí o tó dé." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mo sì lọ.

Wọ́n tú pílátà. Ó tiro fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò tiro mọ́. Èyí tó ṣòro ni ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá wọlé, yóò dúró sẹ́yìn odi, yóò di irin mú, yóò máa sunkún pé kí n gbé òun lé itan. N kò gbé e. Màá pa mọ́tò, màá wọlé tọ̀ ọ́ lọ, màá jókòó tì í lórí ẹní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fẹ́ nìyẹn, á yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Nígbà tó yá, ó gbọ́ mọ́tò mi, kò gbé orí sókè, ó ń fi iyanrìn ilẹ̀ ṣeré lọ. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ó sì dùn mí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí àdúgbò Albárìkà láti kí ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Bí mo ti ń bọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó fẹ́ fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ tó kún fún iṣu jáde nínú àgbàlá kan. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé nínú ilé náà. Kí n tó mọ̀, mo ti lọ dúró sídìí ọkọ̀ rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ gbá a.

Ó yọ orí síta. "Màdáàmù, kí ló dé? Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn."

"Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn mi! Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ̀kalẹ̀."

Ó fun fèrè. N kò kúrò. Àwọn ènìyàn ti ń wò wá. Ó sọ̀kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú ìbínú, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ó pòṣé, ó padà sínú ọkọ̀, ó ń kùn pé orí obìnrin yìí ti dàrú.

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi jáde tán, tó sì yí orí ọkọ̀ síwájú.