Ilẹ̀kùn Tí Mo Fi Kọ́ Tẹníìsì

Ilẹ̀kùn yàrá baba mi ni mo fi kọ́ tẹníìsì orí tábìlì. Baba mi, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, ó gbé e lé àgbá òfìfo méjì, ó sì ta kọ́tìnnì sẹ́nu yàrá. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń ráhùn pé ó ń kọ́ ọmọbìnrin ní eré ọkùnrin.

Nígbà tí orúkọ mi wọ ìdíje gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, ó pè mí.

"Bí o bá gba ife, máa gbá a lọ. Bí o ò bá gbà á, ilẹ̀kùn mi á padà sípò rẹ̀, ìwọ náà á sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ."

Mo ní, "Ẹ yáa ra kọ́tìnnì míì, Bàbá. Ẹ ò ní rí ilẹ̀kùn yẹn mọ́." Ẹnu mi mú nígbà náà, ó ṣì mú báyìí.

Ní gbọ̀ngàn Mápó, àwọn tó ti gba ife náà rí ló ń jókòó níwájú. Ilé-ìwé míṣọ́nnì ni gbogbo wọn ti kàwé. Ẹnikẹ́ni ò tíì ti agboolé bíi tiwa wá. Ẹni tó gbà á kẹ́yìn ló sì ń gbé e fún ẹni tuntun. Lọ́dún yẹn, tíṣà obìnrin kan láti Òkè-Àdó ni, òun náà ni mo bá pàdé ní àṣekágbá. Ó dàgbà tó ìyá mi.

Mo gba géèmù kìíní wẹ́rẹ́. Nínú èkejì, bọ́ọ̀lù mi bà á níwájú orí. Kí n tó mọ̀, mo ti ju báàtì sílẹ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, mà!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ni àmì yẹn o, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọwọ́ mi ti rọ̀. Mo ń gbé bọ́ọ̀lù fún un jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé omi fún àgbà, ó sì gba géèmù náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ilẹ̀kùn ti ń padà lọ.

Tíṣà náà wá bá mi. "Ọwọ́ àgbà lèmi náà ti gba ife yìí. Ṣé o wá kí mi ni, àbí o wá gbá bọ́ọ̀lù? Gbá a, jàre!"

Mo gbá a. Òmíràn bà á léjìká. Mo sọ "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà" lórí ìdúró, mo sì tún gbá a. Ìgbà tó gbé ife lé mi lọ́wọ́ ni mo tó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

Kọ́tìnnì náà gbó, Bàbá ra òmíràn, ìyẹn náà gbó. Lọ́jọ́ tí a sin ín, a fẹ́ ti yàrá rẹ̀ pa, a ò rí ilẹ̀kùn tì.