Ìwé tí Wọ́n Fẹ́ Kí N Fi Lé Àwọn Ọmọ Adití Jáde

Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tó ń wá kí mi nílé máa ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé a ṣe ìwọ́de nínú ìsinmi ńlá, nígbà tí gbogbo ilé-ìwé ti pa. Òótọ́ ni. Àárín àwọn ọdún 1960 ni, níbí ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àwọn Faransé ti lọ, ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwa fúnra wa, àmọ́ àwọn kan nínú àwọn tó jókòó sórí àga wọn ti kọ́ ìwà wọn tán porogodo. Ẹ má retí pé ọjọ́ ogbó ti pẹ̀tù sí mi nínú. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ilé-ìwé ìjọba kan ní àdúgbò Djègan-Kpèvi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin kò gbọ́ràn láti kékeré, ọwọ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ èyí, ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ adití tí àwọn ìyá wọn ń mú wá tí à ń lé padà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ìjọba kò fún wa ní ìwé, kò fún wa ní àwòrán. Ohun tó wà lọ́jà ni mo ń kó wá: ata, àgbàdo, ẹja gbígbẹ, ìgò òfìfo. Ọmọ á di nǹkan náà mú, á fi ọwọ́ pè é, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ní èdè Faransé, nítorí Faransé nìkan ni ilé-ìwé gbà.

Ràsákì wà nínú wọn. Ìyá rẹ̀ máa ń lọ ra ẹja ní Sèmè-Kpodji, á wá tà á ní àdúgbò Dowa. Ọmọ náà já fáfá. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa fò láti àyà dé iwájú orí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Òun ló máa ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò tètè lóye mi.

Bí ìsinmi ńlá ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé agbègbè wa ránṣẹ́ pè mí sí búrò rẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀. Kò ní kí n jókòó.

“Madámù, kí ilé-ìwé tó wọlé padà, mo fẹ́ kí o kọ ìwé rapọ́ọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ rẹ yẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọn kò mọ̀.”

“Mùsíò, àwọn olùkọ́ yòókù ń lọ sinmi.”

“Àwọn olùkọ́ yòókù kò ní kíláàsì tí kò sí nínú ètò ìjọba.”

Mo gbà. Kódà, inú mi dùn díẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá rí ohun tí àwọn ọmọ náà ti mọ̀, wọn yóò fi kíláàsì wa sínú ètò, wọn yóò sì fún wa ní àga gidi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kó ẹrù lọ sí abúlé wọn. Èmi ń rìn nínú òjò láti ilé dé ilé, ní Djègan-Kpèvi, ní Dowa, mo ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ náà ṣe ń gbé. Mo rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ má gbá a nígbà tóun bá wà lọ́jà. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ń ta àkàsà fún ìyá àgbà rẹ̀ tí kò sì ṣi ṣéńjì fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹni tó bá mọ ìwé kà, mo kọ ọ́ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, mo kọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé e lọ bá ọ̀gá náà, ojú ewé tó kẹ́yìn nìkan ló ṣí.

“Kò sí ìparí níbí.”

“Ó wà, Mùsíò. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ.”

“Ìyẹn kọ́ ni ìparí tí mo fẹ́. Kọ ọ́ pé wọn kò lè kọ́ ẹ̀kọ́, kí o fọwọ́ sí i. Mo nílò yàrá yẹn.”

“Kí lẹ fẹ́ fi yàrá náà ṣe?”

“Àwọn àga búrò tuntun ti dé, kò sí ibi tí a máa kó ti àtijọ́ sí.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Àga àtijọ́! Nítorí àga àtijọ́ ni mo ṣe ń rìn nínú òjò. Faransé ló ń sọ, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wí. Mo sọ fún un pé n kò lè pa irọ́ mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

“Wọ́n ń wá olùkọ́ ní apá àríwá,” ó ní. “Lọ rò ó dáadáa.”

Láti ibẹ̀, mo gba ilé Mùsíò Dòsú lọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa olùkọ́. Ìyá Ràsákì pàdé mi lọ́nà, ó rí ojú mi, ó sì tẹ̀ lé mi pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí. A bá Mùsíò Dòsú lágbàlá, ó ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní kí ẹgbẹ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀. Ó mi orí.

“Madámù, ohun tó ṣe yẹn burú. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìsinmi? Ta ló máa mọ̀ pé a ò ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé wọlé ná.”

“Kí ilé-ìwé tó wọlé, àga á ti kún yàrá mi.”

Ó tún tẹ̀ ba sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá Ràsákì sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mùsíò, ẹ̀yin lẹ ní ìsinmi. Ọmọ mi kì í gba ìsinmi lẹ́nu jíjẹ́ adití. Bí ẹ kò bá lè daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sí iṣẹ́, ẹ wá ṣe iṣẹ́ náà níwájú wọn. Ẹ gbé pátákó lọ sí ẹnu ọ̀nà búrò yẹn, kí gbogbo ayé wá wo àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò lè kọ́ ẹ̀kọ́.”

Mùsíò Dòsú nu epo kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́wọ́. “Èmi ni màá ru pátákó náà,” ó ní.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lẹ orúkọ àwọn ọmọ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ ara ògiri búrò la mú, nítorí a mọ̀ pé àwọn òbí máa pọ̀ níbẹ̀. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi tó wà nínú ọgbà. Àwọn ìyá jókòó yí wa ká. Mo kó ata àti ìgò mi jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn òbí tó ti rí orúkọ ọmọ wọn kò lọ mọ́. Wọ́n dúró ń wòran. Bí ọmọ kan bá kọ ọ̀rọ̀ kan láìṣì, wọ́n á pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ náà kò gbọ́ àtẹ́wọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n rí i, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá náà yọjú lójú fèrèsé, ó sì wọlé padà. Kò pẹ́ tí àwọn ṣandáámù, ọlọ́pàá ìjọba, fi dé. Olórí wọn pariwo pé kí gbogbo wa dìde kúrò níbẹ̀. Ràsákì wà nídìí pátákó, ó kẹ́yìn sí wọn, ó ń kọ̀wé. Ọ̀kan nínú àwọn ṣandáámù náà pariwo mọ́ ọn. Ó ń kọ̀wé lọ. Mo kígbe pé, “Kò gbọ́ràn! Adití ni!” Ọkùnrin náà gbé kóńdó sókè, ó sì fi í gbá a ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dún.

Ràsákì kò mọ ibi tí nǹkan ti wá. Ó yí padà, ó ń wo ojú mi kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun.

Ìyá rẹ̀ fò mọ́ ṣandáámù náà, àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn òbí tó wá wo orúkọ ya bò wọ́n láti ẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ tó wà nínú èrò náà, tí mo rò pé wọ́n ti lọ sí abúlé, so ọwọ́ wọn pọ̀ yí àwọn ọmọ náà ká. Nígbà tí ọ̀gá náà rí i pé ọgbà ti kún, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ní olùkọ́ aláìgbọràn kan ló kó àwọn ènìyàn wá, pé rapọ́ọ̀ tí wọ́n ní kó kọ, kò kọ ọ́.

Ẹ̀dà rẹ̀ tí mo kọ pa mọ́ wà nínú báàgì mi. Mo gun orí àga, mo sì kà á. Mo ń ka orúkọ ọmọ kan, mo ń sọ ohun tó mọ̀ ní Yorùbá, Mùsíò Dòsú ń sọ ọ́ ní èdè Gun lẹ́yìn mi. Bí mo bá ti pe orúkọ, ìyá ọmọ náà á dìde. Nígbà tí mo kan Ràsákì, ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ka tirẹ̀ náà. Mo ka ojú ewé ìkẹyìn, mo sì bi ọ̀gá náà níṣojú gbogbo ènìyàn pé èwo ni kí n pa rẹ́ níbẹ̀. Ó yí padà, ó sì wọ búrò rẹ̀ lọ.

Ohun tí a rí gbà nìyí: wọn kò kó àga sínú yàrá wa. Àwọn ọmọ náà wọlé bí àwọn ẹgbẹ́ wọn nígbà tí ìsinmi parí. Àwọn kan nínú wọn di aránṣọ, àwọn kan di kápẹ́ńtà, wọ́n mọ orúkọ ara wọn kọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ìwé rẹ́ wọn jẹ.

Ohun tí a pàdánù kò kéré. Nínú ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí kò sí èrò lẹ́nu ọ̀nà búrò, wọ́n gbé mi lọ sí àríwá. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kíláàsì náà sì kú láìsí ariwo. Ọwọ́ Ràsákì san, àmọ́ ó wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ọwọ́ yẹn kò lè sọ mọ́ títí dòní. Ẹ bá mi rò ó: ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ni ẹnu rẹ̀, ẹnu yẹn gan-an ni wọ́n fọ́, nítorí àga àtijọ́.

Wọ́n ṣì ń ní kí ẹ̀yin olùkọ́ òde òní kọ rapọ́ọ̀ lórí irú àwọn ọmọ yìí nínú ìsinmi. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́.

Ìyá Ràsákì kò bèèrè owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ṣandáámù tó gbá ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bèèrè. Ó lọ sí búrò wọn títí àgbà fi dé sí i, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ibẹ̀ mọ́. Ó ti kú báyìí. Wọn kò sọ orúkọ náà fún un, wọn kò sì tíì sọ ọ́ fún wa.