Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Ọmọ Wa Di Lọ́ọ̀dù

Nígbà tí ọ̀gá ọmọ mi kéde pé òun ò ní díje mọ́, èmi ni mi ò rí oorun sùn. Àkọ́bí wa obìnrin ló ń bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìlú kékeré kan tó jìnnà sí wa ni ọkùnrin náà ń ṣojú nílé aṣòfin, láti ìgbà tí ọmọ mi ò tíì mọ̀wé kà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà rí lẹ́yìn yunifásítì nìyẹn, mo sì ti rò pé ìjọba ló gbà á. Òun ló là mí lóye nínú kíṣìnnì wa ní Parsloes, ní Dagenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, pé aṣòfin kọ̀ọ̀kan ló ń gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Tí aṣòfin bá ti lọ, tí wọ́n sì ti palẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ wọn náà parí nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la.

Èmi ò lè fojú bẹ́ẹ̀ wò ó. Mo ń wá iṣẹ́ fún un lórí fóònù nígbà ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́ tèmi, mo sì ń bi í léèrè lálaalẹ́ títí ó fi ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè."

Lẹ́yìn ìdìbò ni ìròyìn gbé orúkọ àwọn tí ọba fẹ́ fi oyè dá lọ́lá jáde. Ọ̀gá rẹ̀ wà lára wọn. Yóò di lọ́ọ̀dù, yóò sì máa jókòó nílé aṣòfin kejì láìsí pé ẹnikẹ́ni tún dìbò fún un. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èèyàn sọ pé ó ti rẹ òun, wọ́n wá lọ gbé àga tó tún ní tìmùtìmù fún un. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi ọmọ mi bóyá ẹni tó joyè báyìí ò ní nílò ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀dù ni kò ní òṣìṣẹ́ kankan, kí n má ṣe gbọ́kàn lé e.

Ọkùnrin náà wá ní kó mú àwa òbí rẹ̀ wá wo ọjọ́ tí wọn yóò mú òun wọlé. Kíá ni ìyàwó mi ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fìlà aṣọ òkè ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú, nítorí a ò ní í lọ kí olóyè lọ́wọ́ òfo. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹni tí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ń mì kì í gbé ẹ̀bùn lọ bá ọ̀gá ọmọ náà, wọn á pè é ní rìbá. Ó ní nínú gbogbo Dagenham, èmi nìkan ló lè pe fìlà ní rìbá. Ọmọ wa gbè sẹ́yìn mi, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin tí wọ́n ní ká kó báàgì wa gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ìyàwó mi ṣí báàgì rẹ̀, fìlà sì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá.

Òkè níbi tí àlejò ti ń wòran ni wọ́n fi wá sí. Ọ̀gá náà wọlé nínú aṣọ ìgúnwà pupa tó ní irun funfun lọ́rùn, lọ́ọ̀dù kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Wọ́n ka ìwé ọba, ó búra, ó bọ ẹnì kan lọ́wọ́, àwọn tó kù kùn bí oyin, ó sì parí kí n tó nu dígí ojú mi tán. Ìyàwó mi bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá wọn ò ní kọ orin kankan ni.

Nígbà tí àwa àti ọ̀gá náà jókòó ti tíì lẹ́yìn náà, ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà náà fún un. Ọkùnrin náà gbé e dìde, ó yí fìlà wò síwá sẹ́yìn, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè iye tó lè jẹ́.

Ìyàwó mi kọjú sí mi, ó fi Yorùbá bi mí: Ta ló ń bi ẹni tó fún un lẹ́bùn ní iye tó rà á? Ọmọ wa yára ṣàlàyé pé tí ẹ̀bùn bá ju iye kan lọ, dandan ni kí lọ́ọ̀dù kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọ mi ti bá fìlà lọ.

"Kí wọ́n kọ ọ́," ìyàwó mi sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ketekete. "Ṣé kí wọ́n má mọ̀ pé a wá kí yín ni?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní fìlà ò tó ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, ó sì dé e. Ó wá kọjú sí mi, ó ní inú òun dùn pé ọmọ mi ò lọ: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni yóò máa bá obìnrin tó wọlé sípò òun ṣiṣẹ́, ọjọ́ méjì yòókù, yóò máa ran òun lọ́wọ́ lórí ìwé tí òun ń kọ. Ó rò pé mo ti mọ̀.

Mo wo ọmọ mi. Inú kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ lòun ń wò.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i, Daddy. Tí mo bá ti sọ ṣáájú, ẹ máa pè wọ́n lórí fóònù ni."

Nọ́ńbà ọ́fíìsì náà wà lórí fóònù mi.

Mo fara ti àga. Àṣé láti àárọ̀ ni mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Mo jẹ kéèkì kan, mo jẹ èkejì, mo na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta, ìyàwó mi sì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn lọ́ọ̀dù.