Àáké tí Ẹgbẹ́ Agbẹ́gilére Fẹ́ Gbà

Ogun ló kó àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀gbá jọ. Kí ogun tó dé, kálukú ń gbẹ́ ère rẹ̀ nílùú tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sá dé Abẹ́òkúta ni wọ́n pa àgọ́ kan sí Ìjẹmọ̀, wọ́n sì di ẹgbẹ́. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le: bí agbẹ́gilére bá kú, tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló ni àáké rẹ̀.

Bàbá mi kú sínú ogun náà. Èmi ní tèmi, wọ́n kó mi lẹ́rú, ọkọ̀ òyìnbó gbà mí sílẹ̀ lójú òkun, Sàró ni mo dàgbà sí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo sì kọ́ níbẹ̀. Ìyá mi ló gbé àáké bàbá mi sá. Nígbà tí mo padà dé, tí mo bá a láàyè, ẹgbẹ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣáá pé kó gbé àáké wá.

"Wọn ò ní gbà á," ló wí fún mi. "Lọ wọ ẹgbẹ́."

Èmi náà ní wọn ò ní gbà á.

Mo gbé tábìlì iṣẹ́ mi lọ sí àgọ́. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá." Wọ́n wo tábìlì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Sàró," ni olórí ẹgbẹ́ wí, "ṣé ibùsùn lo gbé wá fún wa ni? Ilẹ̀ la ń jókòó sí níbí, ẹsẹ̀ la fi ń di igi mú. Gbẹ́ ère kan ká rí i. Bó o bá dìde kó tó parí, a ń bọ̀ wá gbé àáké wa."

Àáké wa kẹ̀! Inú bí mi. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ tí bàtà ti bà jẹ́ kò mọ igi dì mú. Igi yọ̀ bọ́rọ́, ó yí lọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àáké tí wọ́n yá mi gé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní kí n dìde lọ tọ́jú ẹ̀jẹ̀.

"N ò dìde!"

Mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ń ro mí, itan mi kú tipiri, òùngbẹ sì ń gbẹ mí. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Orí ère náà wọ́, etí kan tóbi ju èkejì lọ.

Olórí yí i síwá sẹ́yìn. "Ère burúkú gbáà ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò dìde. Ó ti di tiwa. Òun ló ni àáké bàbá rẹ̀."

Mo tiro délé. Ìyá mi gbọ́, ó ké yèè, ó jó, ó dì mọ́ mi. Mo wá na ọwọ́ pé kó gbé àáké fún mi. Ó gbé e sẹ́yìn.

"Èwo ni tìẹ níbẹ̀? Mo ní ẹgbẹ́ ò ní gbà á. N ò sọ pé mo fẹ́ gbé e fún ọ."

"Ìyá mi, kí ni kí n wá fi ṣiṣẹ́?"

"Ṣé kò sí alágbẹ̀dẹ ni?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Òun nìkan ni mo rí gbé sá lára ọkọ mi."

Mo gba ilé alágbẹ̀dẹ lọ.