Ìkúnlẹ̀ Tí Màámi Kọ́ Sójà

Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ kí fìlà sójà kú iṣẹ́ ńlá. Ní Ìlobù wa, láyé ìjà ilẹ̀ àwa àti Ìfọ́n, láàárín àwọn ọdún 1990, fìlà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo, tó ń rùn pólíìṣì bàtà àti òógùn, sọ télọ̀ àdúgbò wa di ọ̀gágun. Ó sọ tíṣà di gómìnà. Ó sì sọ bàbá kan tó ń gbé níwájú ilé wa, tí ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí, di olórí orílẹ̀-èdè fún ìwọ̀nba ìgbà tí ayàwòrán fi ń tẹ kámẹ́rà. Kò sí pálọ̀ tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò sí lára ògiri. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé a máa fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀làjú kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹni tó ni fìlà náà jẹ́ ọmọ ẹ̀bá odò Benue, ó ga bí òpó iná. Wọ́n rán òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dúró sí ààlà kí ìlú méjèèjì má baà tún kọlu ara wọn. Ààlà ọ̀hún kò jìnnà; o lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní Ìlobù, kó má tíì tán kí o tó dé Ìfọ́n. Omi kànga wa ló kọ́kọ́ gbé e wọlé wa. Lẹ́yìn omi, iyán. Lẹ́yìn iyán, ó ń bá Màámi la igi ìdáná, ó ń fi Yorùbá tó kọ́ ní bárékè Ìbàdàn ròyìn ìyá tirẹ̀ fún un. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, Màámi ti sọ ọ́ lórúkọ, bí ìyàwó ilé ti í sọ àwọn ọmọ ọkọ tó bá nílé. Ó ń pè é ní Dúdúyẹmí. Òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé orúkọ ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ nìyẹn.

Ìfọ́n ni wọ́n ti bí Màámi, ibẹ̀ náà sì ni ìyá rẹ̀ wà. Látìgbà tí ìjà ti bẹ́, kò sẹ́ni tó lè kọjá àfi sójà. Bàbá wa, tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà l'Óṣogbo, ló gbé ìròyìn dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, torí ọjà Òṣogbo ni ará ìlú méjèèjì ti ń yọ́ kí ara wọn nígbà náà. Wọ́n ti sọ fún Ìyá Àgbà pé ilé wa jóná, pé Màámi sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ti kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Màámi ti se èkuru. Dúdúyẹmí gbé e lọ, ó sì gbé e padà.

"Màmá, wọn ò gbà," ló wí. "Wọ́n ní ẹ ti kú. Wọ́n ní wọ́n kàn rán mi wá tan àwọn kí àwọn lè jẹun ni."

"Báwo lo ṣe kí wọn?"

"Mo sàlúù wọn."

"O ṣe kí ni? Arúgbó tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ! Tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀?"

"Tòun ti bàtà, Mà."

"Dúdúyẹmí, o pa mí! Bọ́ fìlà yẹn, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá mi."

Ó bọ́ fìlà. Ẹnì kan bá a gbé e wọ pálọ̀. Màámi sì kúnlẹ̀ ní àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Eékún ọ̀tún rẹ̀ kò gbádùn látìgbà tó ti já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀ lọ́mọdé. Tó bá fẹ́ kúnlẹ̀, á fọwọ́ òsì ti ilẹ̀, á rọra gbé eékún òsì kalẹ̀, tí ti ọ̀tún bá wá kan ilẹ̀, á ní "yéè!" lẹ́ẹ̀kan, kó tó kí ẹni tó ń kí. Dúdúyẹmí ń wò ó bí ẹni ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ìbọn palẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan ní àgbàlá tí ìbá sọ fún un pé ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, ó gbé èkuru tuntun kalẹ̀. Ọwọ́ òsì, eékún òsì, eékún ọ̀tún. "Yéè! Ẹ kú ọ̀sán, Mà."

Ìyá Àgbà yíjú kúrò lára ògiri. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe, kò yọ "yéè" sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, ìwọ gìrìpá ọkùnrin yìí?"

"Ọmọ yín ni, Mà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń kí yín nìyẹn."

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Eékún alágbálùmọ̀ rèé! Mo ní kó má gun igi yẹn, kò gbọ́! Gbé èkuru yẹn wá, kó má tutù."

Ẹ̀rù ń ba Dúdúyẹmí nígbà tó ń ròyìn fún wa, ó rò pé òun ti ṣàṣìṣe. Màámi di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń sunkún sí i láyà. Láti ọjọ́ náà ni èkuru ti ń lọ, tí abọ́ òfìfo ń bọ̀, títí ọ̀nà fi ṣí tí Màámi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Dúdúyẹmí lọ síbòmíràn, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá wa lójú gbogbo àdúgbò, ó ní "yéè!" Télọ̀ fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, Màámi fojú kìlọ̀ fún un.

Mo ti jókòó sí ìpàdé àlàáfíà púpọ̀ látìgbà náà, mo ti bá wọn jẹ ìpápánu, mo ti pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ gígùn. Kò sí èyí tó kọjá ààlà bí eékún aláìlera tí ọmọ Benue gbé láti Ìlobù dé Ìfọ́n.

O wá lè bi mí pé níbo lèmi ọmọ yunifásítì wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọkùnrin ní ìkúnlẹ̀. Mo wà nílé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè jáde, torí mo dúró níwájú dígí, fìlà yẹn sì wà lórí mi, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún. Èmi náà dé e.