Ohun Tí Ògiri Funfun Ná Wa

Òórùn ọ̀dà tútù ló pàdé mi lẹ́nu géètì ilé tí Sàlámátù, ọmọ mi, kọ́ sí Bàgídà, létí òkun nítòsí Lomé. Atakpamé ni èmi ń gbé, àárín òkè ni a wà, bí omi bá bínú níbẹ̀, ti òjò ni. Sàlámátù ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú òun kí òun tó kó wọlé. N kò tíì bọ́ bàtà tó fi na ìwé kan sí mi. Deví ni, ìyẹn ìwé tí akunlé fi ń sọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ná ni. Ó ti kun ọgbà tán, ilé gan-an ló kù.

Mo wọ jígí mi, mo kà á. Wọn yóò kọ́kọ́ fi omi lásán fọ ògiri, nítorí pé iyọ̀ òkun ti bà lé e kí ọ̀dà tó kàn án. Wọn yóò ha á. Wọn yóò fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ kùn ún, kí wọ́n tó fi ọ̀dà etíkun, tó wọ́n ju ọ̀dà lásán lọ, lé e lẹ́ẹ̀mejì. Irin ojú fèrèsé, ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí ìpẹtà. Òdòdó ara ògiri pálọ̀, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, akunlé náà, tó jọ pé olóòótọ́ èèyàn ni, kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àfi kí wọ́n tún un kùn. Owó náà tó akọ màlúù mẹ́ta lọ́jà Atakpamé, àwọn tó sanra nínú wọn.

"Ṣé wúrà ló fẹ́ fi kùn ún ni?" Sàlámátù béèrè.

Akunlé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró tì wá, tí ọ̀dà ti ta sí nírùngbọ̀n, kò bínú. Ó ní, "Tàtá," bí wọ́n ti ń pe àǹtí níbẹ̀, "kì í ṣe ọ̀dà lẹ ń sanwó ẹ̀. Iyọ̀ lẹ ń sanwó ẹ̀. Létí òkun, iyọ̀ ló ni ògiri."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, n kò sì sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Mo ti rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀ sínú ọ̀dà rí, tí a sì sanwó fún un.

Glei ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lójú títì tó ti Lomé gòkè wá sí Atakpamé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, iyọ̀ àti abọ́ tánganran ló ń tà. Ẹ̀yà Ifẹ̀ ti agbègbè Atakpamé ni gbogbo àwọn tó yí wa ká, àgbẹ̀ paraku, tí èdè wọn àti tiwa jọra bí ọmọ ìyá méjì tí wọn kò gbé ilé kan náà dàgbà. Bí bàbá mi bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́ ìdajì, wọ́n á fi ẹ̀rín gba ìyókù. Àwa ọmọ la máa ń ṣe ògbufọ̀, a kì í sì í túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ilé amọ̀ ni ilé wa bíi ti gbogbo ará ibẹ̀, páànù nìkan ló fi yàtọ̀. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó àgbàdo àti òwú wọlé tán, tí ọyẹ́ sì dé, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri. Wọn kì í rẹ́ ti ara wọn. Ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń rẹ́, ẹlòmíràn á sì wá rẹ́ tiwọn, kò sí ẹni tó ń gbowó. Ìyá Ablá, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, ló ń rẹ́ tiwa. Ìyá mi ló ń rẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò mọ iṣẹ́ náà rárá, ọmọ oníṣòwò ni. Ìyá Ablá á dúró, á wò ó, á dúpẹ́ dáadáa. Tó bá di ọ̀túnla, á rọra tún un rẹ́.

Amọ̀ pupa láti etí odò ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù, àti omi dúdú tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè. Èmi àti Ablá, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, là ń fi ẹsẹ̀ po ó. Ó máa ń rùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Tó bá di ọjọ́ kẹta, òórùn náà á di òórùn ilé, títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ebi á máa pa mí. Ìyá Ablá á fi ṣùkù àgbàdo fa ìlà sára ògiri kó tó gbẹ, ìlà tó ń wọ́ bí omi odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó bá ń kọjá kì í béèrè ẹni tó rẹ́ ilé wa. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ Ìyá Ablá nìyí."

Ohun kan wà tó máa ń ṣe kẹ́yìn. Lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn, lókè orúnkún díẹ̀, á fi ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láìrẹ́. Gbogbo àwọn obìnrin ìgbèríko wa ló ń ṣe é. Ablá ló là á yé mi. "Ìyá mi ní a kì í parí ilé ọ̀rẹ́. Tí a bá parí ẹ̀, kí la tún ń wá débẹ̀ ṣe?" Àyè ìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Bàbá mi kò mọ̀. Àlejò ni, ọkùnrin sì ni, kì í béèrè ohun tí kò bá ní èrè nínú. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe tán ni. Ó ń wò ó lọ́dọọdún, kò sọ̀rọ̀, nítorí pé a kì í rí ẹni tó gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kó tún máa ṣàròyé.

Ọdún tí Sùlé, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ gbéyàwó, mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn àna wa ń bọ̀ láti Atakpamé, oníṣòwò ńlá ni wọ́n, bàbá mi sì búra pé wọn kò ní bá òun nínú amọ̀. Ó ránṣẹ́ sí akunlé kan ní Aného, Fòlí lorúkọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ní òun ló ń kun ilé àwọn ọlọ́lá etíkun. Fòlí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà funfun, ó fi aṣọ pọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn bí ìyá ọlọ́mọ. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà lọ́rùn wa. Oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún wà lọ́rùn wa, ẹja ló sì ń jẹ, kì í jẹ ẹran. Owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀ mú kí bàbá mi jókòó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó tún béèrè àpò iyọ̀ kan.

"Iyọ̀ kẹ̀? Ṣé wàá jẹ ẹ́ ni?"

"Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀ tí kò bá ní iyọ̀ kì í di ògiri mú." Ṣọ́ọ̀ ni ẹ̀tù funfun tó fẹ́ fi kun ilé. "Gbogbo ilé etíkun tí ẹ rí yẹn, iyọ̀ wà nínú ẹ̀."

Ẹni tó ń ta iyọ̀ kò lè sọ pé iyọ̀ kò dára. Bàbá mi gbé àpò kan sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Fòlí kun apá ibi tí ilẹ̀kùn wà. Kò rí àyè Ìyá Ablá, nítorí pé àpótí kan wà níwájú rẹ̀. Èmi ni mo gbé àpótí náà kúrò. Mo ní, "Efo," bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lédè Éwé, "ó ku ibí yìí." Mo mọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́. Funfun náà ló wọ̀ mí lójú, n kò fẹ́ kí àbàwọ́n kankan wà lára rẹ̀. Ó dí ibẹ̀ nípọn, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì yìn mí pé ojú mi ríran.

Ilé wa funfun débi pé àwọn awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì wò ó. Ìyá Ablá náà wá wò ó. Ó yìn ín, ó kí bàbá mi kú ìnáwó. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ibẹ̀. "Ó ti parí nìyẹn," ló wí. Bàbá mi rò pé ìyìn ni, ó dúpẹ́. Ó kọjá sílé rẹ̀. Ó fi iṣu ránṣẹ́ sí ìgbéyàwó Sùlé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò wá sídìí ààrò.

Ablá kò pè mí mọ́ bó bá ń lọ síléèwé. Mo sáré bá a lọ́jọ́ kẹta. Kò yí ojú sí mi. "Ìyá mi ní ẹ ti dí i. Ó ní ẹni tí wọ́n bá dí àyè rẹ̀ kì í tún yà." Ó wá sọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ fún mi. Bàbá rẹ̀ ti rí ilẹ̀ oko ní Elavagnon. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, wọn yóò kó lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tí òjò náà bá fi rọ̀ kí Ìyá Ablá tó tún wọ ilé wa, ìjà náà ni wọn yóò gbé lọ, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀.

Mo sọ ohun tí àyè náà jẹ́ fún ìyá mi, ìyá mi sọ fún bàbá mi. "Nítorí ihò?" ló ń wí, "nítorí ihò ara ògiri?" Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó pa aṣọ tuntun kan pọ̀, ó fi rán ìyá mi. Ìyá Ablá gbà á lọ́wọ́ méjèèjì, ó súre, ó sì dá a padà. "Aṣọ dára, Ìyá Sùlé. Aṣọ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ògiri." Bàbá mi mú ọkọ́, ó ní òun yóò gbẹ́ ibẹ̀ fúnra òun. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ní èèwọ̀ ni, onílé tó bá ṣí i fúnra rẹ̀, olè ló ń pè. Bàbá mi gbé ọkọ́ jù sílẹ̀. N kò rí i kí ọ̀rọ̀ tí owó kò lè yanjú dé bá a rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ewúrẹ́ ló gbà wá. Bóyá ní Aného, ewúrẹ́ ti rí iyọ̀ títí ó ti sú wọn. Ti Glei kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ lá ògiri wa, ó dúró, ó ronú, ó tún lá a. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di mẹ́fà. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, gbogbo ewúrẹ́ àti àgùntàn ìlú ló ń tò sílé wa láàárọ̀ bí ẹni tó wá kí ọlọ́mọ tuntun. Bàbá mi ń fi pàṣán lé wọn níwájú, wọ́n ń lá ẹ̀yìn. Ó tó ojúmọ́ mẹ́wàá, gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri ti ṣí, ìlà odò tí Ìyá Ablá fi ṣùkù fà sì tún hàn síta. Ibi tí Fòlí dí nípọn ni iyọ̀ pọ̀ sí jù. Ewúrẹ́ abilà kan ló gba ibẹ̀, kò jẹ́ kí ewúrẹ́ mìíràn sún mọ́ ọn.

Ìyá Ablá ló ni abilà náà. Ó wá fi okùn mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró lójú ọ̀nà kó má baà wọ àgbàlá wa, ó ń pè é. Ewúrẹ́ kò dáhùn. Àfi ìgbà tó gbé orí sókè, tí gbogbo wa rí i pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ti lu, àyè náà ti là, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ablá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Bàbá Sùlé, èmi kọ́ o. Ewúrẹ́ ló ṣí i."

Bàbá mi kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó wo ògiri, ó wo pàṣán ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ablá, ẹ bá mi rẹ́ ilé mi. Ẹ má parí ẹ̀."

Ọ̀túnla ni wọ́n rẹ́ ẹ, òkè funfun, ìsàlẹ̀ pupa. Èmi àti Ablá la po amọ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo gbé àpótí kúrò, tí mo fi ibẹ̀ han Fòlí. Ó ń po amọ̀ lọ. "Mo mọ̀," ló wí, "mo rí ẹ láti ojú fèrèsé wa." Ó mọ̀ ọ́n, ó sì wá. Omijé bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé amọ̀ ló ta sí mi lójú. Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kó ẹrù wọn sọ́kọ̀. N kò fojú kan Ablá mọ́. Ẹnì kan sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ó ti lọ́kọ, ó ń yan ẹja tà nítòsí adágún Nangbéto. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ̀ bóyá ìkíni náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí owó bàbá mi gbé e, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri náà. Ó ní kí bírìkìlà yí àyè ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn po, kó má dí i. Bírìkìlà gbowó lé e. Ó ní àtifi nǹkan sílẹ̀ nira ju àtiparí rẹ̀ lọ. Bàbá mi san án láìná an, ohun tí a kò rí kó ṣe rí. Ibẹ̀ ṣì wà. Alángbá ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí.

Àwọn obìnrin Glei kì í sábà rẹ́ ògiri mọ́, sìmẹ́ńtì ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Sìmẹ́ńtì kì í bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀, ó sì lágbára ju amọ̀ lọ, n kò lè purọ́. Àwa náà sì ń sanwó fún àwọn tí a kò mọ ilé wọn, tí wọ́n bá parí iṣẹ́, a ti parí pẹ̀lú wọn.

Sàlámátù ná owó deví náà títí ó fi kù díẹ̀ kó di akọ màlúù méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kun iwájú ilé tán, akunlé náà pe àwa méjèèjì jáde kí a wá wò ó. Ó dán, n kò rí àbùkù kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àkàbà tó fi ti ògiri kúrò, tó sì rí i pé lábẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀dà kò kan ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ má bínú, Tàtá, ó ku ibí yìí." Ó ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sàlámátù ń wò mí. Akunlé náà ní kò ṣeé ṣe, àwọn èèyàn á ní òun kò mọṣẹ́, wọ́n á bà á lórúkọ jẹ́ káàkiri etíkun. Mo tú etí ìró mi, mo mú owó tí mo fẹ́ fi wọkọ̀ padà sí Atakpamé jáde, mo sì bi í léèrè iye tí yóò gbà.